Mo fẹ́ dá lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá, mi ò sì lọ́mọ: ṣé kò burú?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o. Obìnrin ẹni ọdún 43 ni mí, mi ò lọ́kọ, mi ò sì bímọ. Láti kékeré ni mo ti ń fẹ́ dé Walt Disney World ní Florida, owó rẹ̀ sì ti pé lọ́wọ́ mi báyìí. Ọ̀rẹ́ tí a jọ fẹ́ lọ ti ní òun ò lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n má lọ fi ara mi ṣẹ̀sín láàárín ọmọdé. Ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí àgbàlagbà dá wọlé? Ṣé àwọn èèyàn ò ní máa wò mí? Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ lò. Kí lèèyàn kan ṣoṣo á máa ṣe níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin?

Ìdáhùn: Ẹ lọ. Ẹ má tún dúró de ọ̀rẹ́ kankan.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìn-àjò sí irú ọgbà báyìí, èmi náà sì ti dá lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ibi tí ìṣòro wà yàtọ̀ sí ibi tí ẹ̀rù ti ń bà yín. Ojú àwọn èèyàn lọ́sàn-án lẹ ń bẹ̀rù, ọ̀sán ò sì ní wàhálà kankan. Alẹ́ ló le: bíi wákàtí méjì lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tí ebi ń pa yín, tí ẹsẹ̀ ń ro yín, tí ìdílé gbogbo sì kóra jọ sójú kan láti wo iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run. Bí ẹ bá ti mọ ohun tí ẹ máa fi wákàtí méjì yẹn ṣe kí ẹ tó kúrò nílé, ìyókù á rọ̀ yín lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé kò gùn. Kò sí òfin ní Disney World tó ní kí àgbàlagbà mú ọmọ dání. Ọmọdé ni òfin dè: ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 14 kò lè dá wọlé, àfi tí ẹni tó ti pé bẹ́ẹ̀ bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tó kan àgbà ni ọ̀rọ̀ aṣọ. Ẹni tó bá ti pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ múra bí àwọn ẹ̀dá inú eré wọn, àfi ní àwọn alẹ́ àjọ̀dún kan tí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ̀wù tó ní àwòrán kò burú, bẹ́ẹ̀ ni fìlà elétí eku. Ìdajì àwọn tí ẹ máa bá níbẹ̀ ló dà bíi pé wọ́n dé e. Ibi tí wọ́n ti lè dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà ni LEGOLAND Discovery Centre, àwọn ilé ìṣeré kéékèèké tó sábà máa ń wà nínú ilé ìtajà ńlá. Ti ọmọdé nìyẹn lóòótọ́, àgbàlagbà tí kò mú ọmọ wá kì í wọ ibẹ̀, àyàfi lálẹ́ tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún àgbà. Àwọn ọgbà LEGOLAND ńlá ò rí bẹ́ẹ̀. Ibi yòówù kí ẹ yàn, ẹ ka òfin ìwọlé wọn kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n yín kò burú, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń rò ó náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ọgbà wọ̀nyí kò gbè é lẹ́yìn. Tivoli tó wà láàárín ìlú Copenhagen, ní Denmark, ti wà láti ọdún 1843, orin, òdòdó àti ìrìn gbẹ̀fẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló sì ń fa àwọn àgbà wá síbẹ̀. Roller coaster onígi, ìyẹn ọkọ̀ eré tó ń gun òkè tó sì ń sáré já wá sílẹ̀ lórí ojú irin, tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1914 ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Òṣìṣẹ́ kan máa ń jókòó sínú rẹ̀ tí yóò máa fọwọ́ tẹ bíréèkì rẹ̀ bó ṣe ń sáré. Walt Disney fúnra rẹ̀ sọ pé orí bẹ́ǹṣì kan ní Griffith Park, ní Los Angeles, ni èrò Disneyland, ọgbà Disney àkọ́kọ́ tó wà ní California, ti sọ sí òun lọ́kàn. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ń gun ẹṣin onígi tó ń yí po, bàbá wọn jókòó lásán, kò rí nǹkan kan ṣe. Nígbà tí Disneyland ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ 17, oṣù Keje, ọdún 1955, àgbàlagbà tó jókòó lásán yẹn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fún. Wọn ò ní in lọ́kàn rárá pé iṣẹ́ àgbà níbẹ̀ ni kó máa gbé báàgì ọmọ.

Ní ti kí àwọn èèyàn máa wò yín: ta ló fẹ́ wò yín? Ìyá tó ń ka orí ọmọ mẹ́ta lójú ọ̀nà, bàbá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ tí ẹlòmíì ń sunkún lọ́rùn rẹ̀, kò sí èyí tó ráyè yín nínú wọn. Ẹ ò sì ní nìkan dá wà. Àwọn tó ń gbé nítòsí tí wọ́n ní ìwé ìwọlé ọdọọdún máa ń dá wá lẹ́yìn iṣẹ́ láti gun ọkọ̀ eré kan péré kí wọ́n tó lọ sílé. Àwọn tó wá ṣèpàdé ní Orlando, ìlú tó wà nítòsí Disney World, náà máa ń yà wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹ óò ti máa dá wọn mọ̀: ẹni tó ń rìn láìwo ẹ̀yìn, tí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó bá fẹ́ dá lọ máa ń ní àníyàn tó ju tiyín lọ, pé kí wọ́n má baà fura sí òun. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má ya fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ, bí wọ́n bá sì rí ọmọ tó sọnù, kí wọ́n pe òṣìṣẹ́ tó bá wà nítòsí kí wọ́n sì dúró níbi tí gbogbo èèyàn ti ń rí wọn. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ burú fún nínú àwọn tó gbọ́ ìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí dídá lọ ti dára ju kíkó ẹgbẹ́ lọ. Ká ní àga méjì-méjì ni wọ́n tò sínú ọkọ̀ eré kan. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́ta dé. Méjì jókòó pọ̀, ẹnì kẹta bọ́ sẹ́yìn, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣófo. Ọkọ̀ yẹn á gbéra bẹ́ẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e náà á tún gbéra bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọgọ́rọ̀ èèyàn ṣì wà lórí ìlà. Àwọn tó ni ọgbà ò fẹ́ kí àga ṣòfò, ni wọ́n bá la ìlà ọ̀tọ̀ fún ẹni tó bá gbà láti jókòó níbikíbi tí àyè bá yọ. "Single Rider" ni wọ́n máa ń kọ sẹ́nu ìlà náà. Mo ti rí i níbi tí àwọn ará ìlà gbogboògbò ti ń retí ju wákàtí kan lọ, tí èmi tó dá wá wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tọkọtaya náà lè lo ìlà yìí tí wọ́n bá gbà pé wọ́n á pínyà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìgbà ni wọ́n lè ṣe é kí ọ̀kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ẹ̀yin ò ní ẹni tí ẹ máa pínyà pẹ̀lú.

Ọgbà mẹ́rin ló wà nínú Disney World: Magic Kingdom, EPCOT, Hollywood Studios àti Animal Kingdom. Ẹ óò rí ìlà yìí níbi ọkọ̀ eré Expedition Everest nínú Animal Kingdom, àti ní Millennium Falcon: Smugglers Run nínú Hollywood Studios. Universal, ọgbà iléeṣẹ́ mìíràn tó wà ní Orlando, ní in níbi púpọ̀, títí kan VelociCoaster. Ní Disneyland Paris, ìlà yìí ni mo máa ń rán èèyàn sí ní Crush's Coaster, nítorí ìlà gbogboògbò ibẹ̀ kì í pẹ́ gùn tó ti máa sú èèyàn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n lè tì í nígbàkígbà láìsọ ìdí. Ó sábà máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹ ò sì ní rí ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ṣe sí ìlà gbogboògbò, bẹ́ẹ̀ níbi ọkọ̀ mìíràn, ọ̀ṣọ́ yẹn ló ni ìdajì ìtàn. Ní Smugglers Run, àwọn kan ń wakọ̀, àwọn kan ń yìnbọn, àwọn kan sì ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n sábà máa ń fi ẹni tó dá wá sí. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá jẹ́ àlá yín láti kékeré, ẹ fi sùúrù to ìlà gbogboògbò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gba ọ̀nà ẹni tó dá wá gun ún títí ara yín á fi balẹ̀.

Èrè kejì ni pé ẹsẹ̀ yín ni yóò máa pàṣẹ. Bí mo bá ní kí n mú ibì kan fún ẹni tó dá wá, EPCOT ni, ọgbà kejì tí wọ́n ṣí sí Disney World ní 1982. Ní apá ẹ̀yìn rẹ̀, ilé orílẹ̀-èdè 11 ló yí adágún kan ká, láti Mẹ́síkò títí dé Kánádà, Mòrókò náà sì wà níbẹ̀. Yíyí i ká lẹ́ẹ̀kan tó bíi kìlómítà 2. Àwọn ọmọdé máa ń sú níbẹ̀ kíákíá, ni ìdílé á bá sáré kọjá. Ẹ̀yin ẹ lè dúró wo aṣọ àti iṣẹ́ ọnà títí ẹ óò fi yó, kí ẹ jókòó gbọ́ orin tán, kí ẹ padà sẹ́yìn nítorí ohun kan tí ẹ fojú fò. Mo ti lo wákàtí márùn-ún níbẹ̀ láìgun ọkọ̀ eré kankan, ọjọ́ náà sì wà lára èyí tí mi ò lè gbàgbé. Tó bá ṣe pé Japan lẹ máa lọ lọ́jọ́ iwájú, Tokyo DisneySea, tó ṣí ní 2001, bá àgbà tó fẹ́ràn láti máa rìn wo nǹkan mu bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ má fojú kéré ohun tí àìsí ẹnìkejì ń gbà lọ́wọ́ ara. Kò sẹ́ni tó máa mú báàgì yín dání nígbà tí ẹ bá gun ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó máa di àyè mú tí ẹ bá fẹ́ tọ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí i pé ojú yín ti ń ṣú nínú oòrùn. Ẹ gbé báàgì kékeré tó ń so mọ́ ìbàdí, kò ju ìyẹn lọ. Àwọn ọkọ̀ eré kan ní Universal ò gbà kí ẹ mú nǹkan kan wọlé rárá, àní wọ́n ń fi ẹ̀rọ wá irin lára èèyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní lọ́kà nítòsí. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó tò sórí ìlà, kódà tí ìtọ̀ kò bá gbọ̀n yín. Ní Disney World, ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ ní kańtà máa ń fún èèyàn ní omi tútù lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ bá ṣáà béèrè. Ẹ béèrè ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń kọjá. Ẹ wọ bàtà tí ẹ ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìléròrò kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́jọ́ kìíní lè ba ọjọ́ mẹ́ta tó kù jẹ́. Ẹ kọ orúkọ oògùn tí ẹ ń lò àti nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n yín sínú bébà kan, kí ẹ fi sẹ́yìn fóònù.

Fóònù yẹn gan-an lẹnìkejì yín. Inú rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì wà, inú rẹ̀ ni máàpù wà, òun lẹ fi ń mọ bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, òun lẹ fi ń ra oúnjẹ sílẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dá lọ sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ jẹ gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì mi tán lọ́jọ́ kan. Aago méje àárọ̀ ni mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ya fọ́tò gbogbo nǹkan. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo wà láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, iná ń tàn lókè, ọmọ kan jókòó sí èjìká bàbá rẹ̀ níwájú mi gan-an, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti sọ fún ẹnì kan pé "wo ìyẹn!" Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo mú fóònù, ó ti kú. Mi ò jẹun láti ọ̀sán. Mi ò mọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí òtẹ́ẹ̀lì mi. Mo sunkún lójú ọ̀nà, gbogbo ohun tó dùn mọ́ mi láti àárọ̀ sì pòórá lọ́kàn mi. Kì í ṣe pé mo dá wà ló pa mí lẹ́kún tó bẹ́ẹ̀. Ebi, àárẹ̀ àti òkùnkùn ló dé lẹ́ẹ̀kan náà, mo wá pe gbogbo rẹ̀ ní ìdáwà.

Láti ìgbà náà, báyìí ni mo ṣe ń ṣe é, báyìí ni kí ẹ̀yin náà ṣe é. Ẹ jẹ oúnjẹ gidi, èyí tí wọ́n ń gbé wá bá èèyàn lórí tábìlì, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Àwọn ìdílé ti jẹun tán nígbà yẹn, ilé oúnjẹ á ti tú, agbóúnjẹ á sì ráyè bá yín sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kańtà tí èèyàn ń jókòó sí, ẹ jókòó síbẹ̀. Àwọn tó dá wá máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Disney World ń gba ìwé àyè oúnjẹ láti ọjọ́ 60 ṣáájú, ṣùgbọ́n àyè ẹnì kan máa ń yọ lójijì lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí náà ẹ máa yẹ áàpù wọn wò. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ sùn. Kò sí ọmọ tó máa kọ̀ láti lọ, kò sí ọ̀rẹ́ tó máa ní ẹ ti ba ọjọ́ jẹ́. Ẹ padà wá ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ara tó fúyẹ́ àti fóònù tó kún.

Iná alẹ́ ńkọ́? Ẹ pín alẹ́ mẹ́rin yẹn. Ní alẹ́ kan, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń wo iná ní Magic Kingdom, ẹ̀yin ẹ lọ gun ọkọ̀ eré. Ìlà máa ń fúyẹ́ ní àkókò yẹn ju ti ọ̀sán lọ, ẹ óò sì máa gbọ́ iná náà tó ń bú gbàù lókè orí yín. Ní alẹ́ kejì, ẹ wò ó, ṣùgbọ́n láti òkèèrè: iwájú òtẹ́ẹ̀lì Polynesian ní etí adágún wà lára ibi tí èèyàn ti lè rí i láti òdìkejì omi. Ẹ rọra jókòó. Alẹ́ kẹta, bí ọkàn yín bá gbé e, ẹ wọ àárín èrò, nítorí ẹ ó ti mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Ẹ fi alẹ́ kan sílẹ̀ láìṣe nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ò bi mí, mi ò sì fẹ́ fò ó. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò bímọ. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ò dùn yín, ẹ fo ìpínrọ̀ yìí. Bó bá ń dùn yín, ibẹ̀ lè gún yín lọ́kàn láìròtẹ́lẹ̀, kò sì ní jẹ́ níbi tí ẹ ti ń retí rẹ̀. Obìnrin kan tí mo ṣètò ìrìn-àjò fún sọ fún mi pé ariwo àwọn ọmọ lórí ìlà kò ṣe òun ní nǹkan kan. Bàtà ọmọ kan tó já bọ́ sílẹ̀ láti inú kẹ̀kẹ́ ló mú òun jókòó sílẹ̀. Ibi tí ìdílé pọ̀ sí jù ni ojú ọ̀nà ìwọ́de ọ̀sán ní Magic Kingdom àti ibi àwọn ọkọ̀ eré ìkókó. Ẹ lè yà fún un láìjẹ́ pé ẹ pàdánù nǹkan kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí Mickey, eku inú eré wọn, dì mọ́ yín, ẹ tò sórí ìlà bí gbogbo èèyàn. Mo ti tò ó. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò bi mí pé ọmọ mi dà. Ó ní, "Ṣé ẹ ti múra tán?" ó sì gba fóònù mi láti ya fọ́tò.

Òtẹ́ẹ̀lì ló máa wọ́n jù fún yín, nítorí iye èèyàn méjì ni wọ́n fi ń ṣírò yàrá. Ẹni tó dá wá ló ń dá gbé gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́, inú ọgbà ni mo máa ní kí ẹ sùn, nínú èyí tí kò wọ́n jù lára òtẹ́ẹ̀lì tiwọn. Ẹni tó bá sùn níbẹ̀ ń wọ ọgbà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àwọn ará ìta lójoojúmọ́, bọ́ọ̀sì wọn ń gbé yín lọ gbé yín bọ̀, oorun ọ̀sán tí mo sọ yẹn á sì ṣeé ṣe. Ẹ má lọ nígbà tí ilé ìwé wà ní ìsinmi. Láti oṣù Kẹfà títí dé òpin oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì líle ní Florida, ojoojúmọ́ ni òjò ọ̀sán sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń rọ̀ ní ìgbà ooru wọn. Bí mọ̀nàmọ́ná bá ti ń kọ, ọkọ̀ eré ìta gbangba á dúró. Ìparí oṣù Kìíní ni mo fẹ́ràn jù.

Ọgbà mẹ́rin ló wà, ọjọ́ mẹ́rin lẹ ní, kò sì pọn dandan kí ẹ dé gbogbo wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Animal Kingdom lọ́jọ́ kìíní: ó tètè ń ṣí, igi pọ̀ níbẹ̀, àwọn ẹranko sì máa ń jáde dáadáa láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ lọ wo wọn lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí ìlà ẹni tó dá wá ní Everest. Bí ẹ bá dé òkè rẹ̀ tí ẹ sì fẹ́ kígbe, ẹ kígbe. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín náà á ti máa kígbe tirẹ̀.